Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ẹgbẹ́ Jọ ní Òṣogbo Láti Máa Fi Devil May Cry 5 Dárà

Devil May Cry 5, tí ilé-iṣẹ́ Capcom ti orílẹ̀-èdè Japan gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2019, jẹ́ géèmù tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo tó di páàdì mú, síbẹ̀ ó dùn ún wò ju ọ̀pọ̀ géèmù tí ẹni méjì ń gbá lọ. Ìdí ni pé pípa ọ̀tá nìkan kọ́ ni ó ń gba máàkì nínú rẹ̀. Bí ènìyàn ṣe pa á ni. Ẹni tó bá ń fi idà ṣá ọ̀tá lọ́nà kan náà títí lè borí, ṣùgbọ́n lẹ́tà D ni yóò máa rí ní ẹ̀gbẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá gbé ọ̀tá sókè, tó yìnbọn fún un lófuurufú, tó fà á mọ́ra, tó sì tún fi idà gbá a kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀, yóò rí i bí lẹ́tà náà ṣe ń gòkè, láti D sí C, sí B, sí A, títí yóò fi dé S, SS àti SSS.

Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín wà fún àwọn tó fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo, tí wọ́n sì fẹ́ máa jókòó papọ̀ láti gbá a àti láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ọwọ́ yóò fi máa já fáfá sí i. Èrò tèmi ni pé ojú àwọn tó jókòó tì yín ni adájọ́ gidi nínú eré yìí, àti pé lẹ́tà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Bí ẹ bá ṣètò ìpàdé yín lórí èrò yìí, ẹni tí kò di páàdì mú yóò níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa hanrun lórí àga.

Àwọn ènìyàn, ibi ìjókòó àti àkókò

Ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà tó. Bí ẹ bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó gbá tán yóò dúró pẹ́ kí ó tó tún kàn án, yóò sì gbé fóònù rẹ̀ jáde, ẹni tó bá sì ti gbé fóònù jáde kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ rí i dájú pé ó kéré tán ẹnì kan wà láàárín yín tó ti parí géèmù náà, kí ẹ sì wá ẹnì kan tí kò gbá a rí mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ̀ yìí wúlò púpọ̀, nítorí òun ni yóò máa béèrè ohun tí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gbá kì í rántí ṣàlàyé mọ́.

Ilé géèmù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò bí ọ̀rọ̀ ibi ìjókòó bá délẹ̀, ó sì wà káàkiri ìgboro wa. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá jù, iye ìdíje tí ènìyàn bá gbá ni wọ́n sì sábà fi ń gbowó. Ìpele kan nínú Devil May Cry lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀lù yóò sì máa wò yín bí ẹni tó jókòó lé àga wọn. Ariwo góòlù kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn géèmù, bẹ́ẹ̀ ohùn náà jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ṣàlàyé. Bí kò bá sí ibòmíràn, ẹ bá onílé géèmù sọ̀rọ̀ kí ẹ máa san owó wákàtí dípò owó ìdíje, kí ẹ sì lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kò sí níbẹ̀.

Yàrá ìgbàlejò ilé ẹnì kan ni mo fara mọ́ jù. Ẹ yan ilé tí kò jìnnà sí Ọlá-Ìyá, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ti ń lọ sí gbogbo apá ìlú, ẹni tó ń bọ̀ láti Òkè-Fìà, ẹni tó ń bọ̀ láti Ìgbọ̀nà àti akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó ń bọ̀ láti inú ọgbà kò sì ní wọ ọkọ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó dé. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ẹ lọ kí bàbá àti ìyá ilé dáadáa, kí ẹ sì sọ irú géèmù tí ó jẹ́ fún wọn. Orúkọ rẹ̀ àti àwòrán ẹ̀mí èṣù tó wà lára páálí rẹ̀ lè dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn akọni inú eré náà ló ń dọdẹ àwọn ẹ̀mí burúkú yìí. Ẹ má sì fi ti ọjọ́ orí pamọ́: ní Amẹ́ríkà, àmì M ni wọ́n fún géèmù náà, ìyẹn ni pé ẹni ọdún 17 sókè ló wà fún, nítorí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rírùn náà sì wà níbẹ̀. Bí àwọn ọmọdé bá wà nílé, yàrá tó ṣeé tì ni kí ẹ lò.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwọn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti dé tí wọ́n sì ti jẹun, ni àkókò tó rọrùn jù lọ. Ẹ parí rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, tàbí kí ẹ dá a dúró bí ìpè bá ti dún, kí àwọn Mùsùlùmí inú yín lè lọ kírun. Ọjọ́ Sátidé kò dára: òde ìnáwó ti gba ìdajì àwọn ènìyàn yín lọ. Nínú oṣù kẹjọ, tí àwọn àlejò bá ti ń wọ ìlú fún ọdún Ọ̀ṣun, ẹ fi ìpàdé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà, ẹni tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá gbé ní ojú ọ̀nà kò ní dé títí ẹ ó fi tú ká.

Ẹ̀rọ, tẹlifíṣọ̀n àti iná

Géèmù náà wà lórí PlayStation 4, Xbox One àti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà àkànṣe rẹ̀ tó jáde ní ìparí ọdún 2020 wà fún PlayStation 5 àti Xbox Series, ẹ sì lè fi Vergil, ìbejì akọni tó ń jẹ́ Dante, jà nínú rẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ náà lè ra Vergil kún tiwọn láti oṣù kejìlá ọdún yẹn. Lórí kọ̀ǹpútà, ó ń fẹ́ ààyè gígábáìtì 35 àti RAM gígábáìtì 8. Ẹni tó bá ti fi owó ara rẹ̀ ra dátà rí mọ ohun tí gígábáìtì 35 túmọ̀ sí, nítorí náà dísìkì PS4 tí ẹlòmíràn ti lò ni ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn dísìkì náà sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo bóyá ara rẹ̀ ti họ, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á fi í sínú ẹ̀rọ lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹgbẹ́ tó jẹ́ PS2 nìkan ló ní kò gbọdọ̀ ro ara rẹ̀ pin. Devil May Cry 3 ti ọdún 2005 ṣì jẹ́ iṣẹ́ àrà, inú rẹ̀ ni ọ̀nà ìjà mẹ́rin tí Dante ń lò títí di òní ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń yàn níbẹ̀ kí ìpele tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní Nintendo Switch tún ní àǹfààní kan tí kò sí níbòmíràn: ẹ̀dà Devil May Cry 3 tó jáde fún un ní ọdún 2020 gba ẹni méjì láyè láti jọ jà nínú Bloody Palace, ìyẹn àwọn yàrá ìjà tó tẹ̀ léra, ọ̀kan pẹ̀lú Dante, èkejì pẹ̀lú Vergil.

Tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé a máa tún àwòrán ṣe kí wọ́n tó gbé e jáde, àtúnṣe náà a sì máa fa ìdádúró díẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì àti ìgbà tí idà gbéra. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, ẹ lè má fura. Nínú eré yìí, tí ìgbà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí a gé sí wẹ́wẹ́ lọ, ìdádúró yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá dà bí òpè. Ẹ wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n yín, kí ẹ yan “Game Mode”. Ẹ fi okùn so páàdì mọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú, kí bátìrì má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín ìjà.

Ní ti iná, gbogbo wa la mọ bí ó ṣe rí. PS4 tí iná bá ṣàdédé lọ mọ́ yóò máa yẹ ibi ìpamọ́ rẹ̀ wò nígbà tí ẹ bá tún tan án, bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń kọ nǹkan pamọ́ lọ́wọ́ ni iná fi lọ, ó lè ba ohun tí ẹ ti gbá jẹ́. Ìnfátà kékeré tó lè gbé tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù fún ìṣẹ́jú mélòó kan tó fún yín láti parí ìjà tó wà lọ́wọ́, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ kí ẹnì kan tó lọ fa jẹnẹrétọ̀. Stabilizer kò ṣeé fi sílẹ̀. Owó epo ni kí ẹ jọ máa dá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí onílé máa dá a gbé nítorí pé ilé rẹ̀ ni ẹ wà.

Bí páàdì ṣe ń yípo

Ogún ìpele ni géèmù náà ní, yàtọ̀ sí ìfáàrà rẹ̀. Ẹ lo ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹgbẹ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá ìpele kan kó tó gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń sọ pé ẹni tó bá kú kí ó gbé páàdì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn ń fi àkókò gígùn fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì ń gba àkókò lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ fún ẹni tuntun láyè láti kú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ń gbá a, ẹni kan ṣoṣo nínú àwọn yòókù ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sọ ohun tó ń rí sókè: “Ó gbé e sókè, ó yìnbọn, ó tún ìbọn kan náà yìn, wọ́n gbá a láti ẹ̀yìn.” Kò gbọdọ̀ pàṣẹ, kò sì gbọdọ̀ sọ pé “fò, fò, fò!” Sísọ ohun tí ojú rí ní ọ̀rọ̀ tó ṣe gúnmọ́ ń kọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ ju bó ṣe ń kọ́ ẹni tó ń gbá a lọ. Ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́ yìí bí páàdì ṣe ń yípo, kí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ní ìpele yìí jẹ́ ẹni tí yóò di páàdì mú ní ìpele tó kàn. Àwọn yòókù, ẹ panu mọ́. Ẹni tó ń jẹ àkàrà tàbí dùndú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan páàdì títí yóò fi fọ ọwọ́ rẹ̀.

Bọ́tìnì Share tó wà lára páàdì PS4 wúlò gan-an níbi yìí. Ẹ̀rọ náà máa ń tọ́jú ìṣẹ́jú 15 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ fúnra rẹ̀ bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Bí ìjà tó yẹ ní àríyànjiyàn bá ti parí, ẹ tẹ Share, kí ẹ tẹ Square tẹ̀ lé e, yóò sì di ohun tí ẹ lè tún wò ní ìrọ̀rùn. Ẹ̀rí tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n máa ń tètè parí iyàn.

Ọwọ́ Nero ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Géèmù náà fúnra rẹ̀ ti fi Nero, ọ̀kan nínú àwọn akọni mẹ́ta tí ẹ ó máa darí, ṣáájú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ ẹni tuntun. Èkíní, di R1 mú, fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn, kí o tẹ Triangle: ọ̀tá yóò fò sókè. Èkejì, di R1 mú, kí o tẹ Circle: ọwọ́ Nero yóò na okùn mú ọ̀tá tó wà lọ́nà jíjìn, yóò sì fà á wá. Ẹ̀kẹta, di R1 mú, ti ọ̀pá síwájú, tẹ Triangle: Nero yóò sáré fi idà gé ọ̀tá lọ. Pẹ̀lú mẹ́ta yìí àti ìbọn tó wà lórí Square, ẹni tuntun ti lè so ìjà pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀tá sinmi.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Idà Nero tó ń jẹ́ Red Queen ní ẹ̀ńjìnnì nínú, èèkù rẹ̀ sì ń yí bí ọwọ́ ọ̀kadà. Bí ẹ bá tẹ L2, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe ń ró, iná yóò sì kún inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gé tí ẹ bá gé tẹ̀ lé e yóò sì gbóná ju èyí tí kò ní iná lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró tẹ L2 báyìí ń fi àkókò ṣòfò lójú ọ̀tá. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń tẹ L2 ní àkókò tí idà bá ń gé lọ gan-an, nígbà náà iná yóò kún láìdúró. Bí ó bá sì ṣe kòńgẹ́ pátápátá, gbogbo ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ ni yóò kún lẹ́ẹ̀kan náà. Ibí yìí ni mo ti sọ pé ohùn ṣe pàtàkì. Ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè díẹ̀, kí ẹni tó ń kọ́ ọ fi etí gbọ́ ìgbà tí irin ń gé afẹ́fẹ́, nítorí etí máa ń tètè mọ àkókò yẹn ju ojú lọ. Ẹ ní kí ó gbá idà rẹ̀ sínú òfìfo láìsí ọ̀tá kankan, gé kan, L2 kan, gé kan, L2 kan, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bá a mu.

Ibi tó dára jù láti ṣe ìdánrawò yìí ni ibi tí géèmù náà ń pè ní The Void. Ẹ lè wọ ibẹ̀ kí ìpele tó bẹ̀rẹ̀, láti ibi tí ẹ ti ń yan ohun ìjà àti ìmọ̀ ìjà, ẹ sì lè yan irú ọ̀tá tí ẹ fẹ́. Ẹ má ṣe lo gbogbo ìpàdé níbẹ̀. Ìdánrawò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tó; eré lẹ bá wá.

Ní ti V, akọni kejì, tí ẹ ó kọ́kọ́ pàdé ní ìpele kẹrin, mi ò ní sọ púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í jà: ẹkùn dúdú, ẹyẹ àti òmìrán kan ló ń bá a jà, òun yóò sì wá fi ọ̀pá rẹ̀ gún ọ̀tá tó ti rẹ̀ pa. Ohun tí ẹ ó máa rán ẹni tó ń gbá a létí ni pé ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára V nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń darí ẹran, nítorí ara V kò gba ìyà. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Lójú tèmi, òun ni ó ń sú àwọn tó ń wòran jù.

Dante, àti bí ẹgbẹ́ ṣe lè kọ́ ọ papọ̀

Ìpele kẹwàá ni Dante dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń fẹ́ gbé páàdì sílẹ̀. Ó ní idà, ó ní ìbọ̀wọ́ àti bàtà ìjà, ó ní alùpùpù tó pín sí méjì láti di ohun ìjà, ó sì ní ìbọn oríṣiríṣi. R2 ni ó fi ń pààrọ̀ ohun ìjà ọwọ́, L2 ni ó fi ń pààrọ̀ ìbọn. Lórí gbogbo èyí, ọ̀nà ìjà mẹ́rin wà lórí àwọn bọ́tìnì ọlọ́fà: òkè ni Trickster fún yíyẹ̀, ọ̀tún ni Swordmaster fún idà, òsì ni Gunslinger fún ìbọn, ìsàlẹ̀ ni Royalguard fún gbígba ìkọlù dúró. Circle ni ó ń lò wọ́n, ìtumọ̀ Circle sì ń yí padà ní ìbámu pẹ̀lú èyí tí ẹ bá yàn. Láti Devil May Cry 4 ti ọdún 2008 ni a ti lè máa pààrọ̀ wọn nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tó lè kọ́ gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ ti ń ṣàǹfààní ju ìdáwà lọ. Ẹ pín in. Kí ẹnì kan mú Trickster lọ́sẹ̀ yìí, kí ó má lo ọ̀nà mìíràn rárá, kí ẹlòmíràn mú Royalguard, kí ẹ̀kẹta mú Gunslinger. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kọ́ àwọn yòókù ní ohun tó rí nínú tirẹ̀. Ẹni tó mú Royalguard yóò wá sọ fún yín pé Circle gbọ́dọ̀ bọ́ sí àkókò tí ìkọlù bá fẹ́ kan ara, kì í ṣe kí ènìyàn máa dì í mú lásán, àti pé agbára tó bá kó jọ lọ́nà yẹn ni ó lè dá padà fún ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú ìmọ̀ yìí kì í wọra bí ènìyàn bá kàn kà á.

Eré kan tún wà tí ẹ lè máa ṣe nínú The Void nígbà tí ọwọ́ bá ti ń mọ́ra. Ẹni tó jókòó yóò pe orúkọ ohun ìjà kan, ẹni tó di páàdì mú gbọ́dọ̀ dé orí rẹ̀ kí ọ̀tá tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ méjì, kí ẹ sì rọra máa fi kún un. Ní àkókò yìí náà ni kí ẹ kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní Enemy Step: bí Dante bá wà lófuurufú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá, tí ẹ sì tẹ bọ́tìnì fífò, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ara ọ̀tá náà, gbogbo ìkọlù òfuurufú rẹ̀ yóò sì di ọ̀tun. Ẹni tó bá mọ èyí dáadáa lè má kan ilẹ̀ mọ́ títí ọ̀tá yóò fi kú.

Sísọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìjà

Bí ìpele bá parí, kí páàdì tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbá a, òun ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ó sọ ohun tó ní lọ́kàn láti ṣe, ibi tí ó ti ṣeé ṣe àti ibi tí kò ti ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń sọ ohun tó ń rí yóò sọ tirẹ̀, kí àwọn yòókù tó dá sí i. “O ò mọ̀ ọ́n gbá” kì í ṣe ọ̀rọ̀; “o tètè fò” ni ọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ àṣìṣe kan láìtọ́ka sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí máa ń di ìṣòro níbi yìí, nítorí ọmọ ogún ọdún lè mọ̀ ọ́n gbá ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ẹni ọdún 35 lọ, bẹ́ẹ̀ kò lè bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí ọ̀wọ̀ dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ẹ wo bí ó ṣe lè lọ, nígbà tí Fury, ọ̀tá tó ń yára bí àṣá yẹn, ti na ẹ̀gbọ́n kan ní ìnàkúnà:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tó ti kọ́kọ́ fò wá.”

“Èwo nínú ẹ̀? Ó fò wá lẹ́ẹ̀mẹrin.”

“Èkejì. Ẹ wò ó, ẹ ti gé idà yín kó tó yọ sí yín. Ẹ̀yìn yín ló ṣì ń yí ká nígbà yẹn.”

“Mo rò pé ó ti dé ni.”

“Kò tíì dé, sà. Ìgbà tó bá gbé ọwọ́ sókè sí yín gan-an ni kẹ́ ẹ gé e. Bí idà yín bá pàdé ọwọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ á já.”

Ẹ̀gbọ́n kò pàdánù iyì kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, àbúrò náà sì sọ ohun tó rí. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ fi ọjọ́ orí gba páàdì nígbà tí kò kàn án, ẹni tó ni ilé ni kí ó bá a sọ ọ́.

Ẹ máa fi àyè sílẹ̀ fún ìtàn náà pẹ̀lú, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìtàn ló mú wọn wá. Ìbejì ni Dante àti Vergil, ọmọ Sparda tó jẹ́ ẹ̀mí èṣù àti Eva tó jẹ́ ènìyàn, ìjà wọn ni ó sì gba gbogbo géèmù náà kọjá. Géèmù náà pe Vergil ní ẹ̀gbọ́n. Ní ilé Yorùbá, ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ni Táíwò, ta ni Kẹ́hìndé, nítorí bí Vergil bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ wá sáyé, àbúrò ni lójú tiwa. Mo ti rí i tí ìbéèrè yìí dá àríyànjiyàn tó gùn ju ìpele náà lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbá a dé òpin kò gbọdọ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe parí; ẹ ní kí ó jáde lọ ra omi wá bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́.

Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ìṣẹ̀dá géèmù náà kò ní ṣàìrí nǹkan sọ. Hideki Kamiya ló darí èyí àkọ́kọ́ ní ọdún 2001, ó sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lórí Resident Evil 4 kí ó tó yà bàrá di nǹkan mìíràn. Hideaki Itsuno ló darí ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún. Kamiya tún wá darí Bayonetta ní ọdún 2009, níbi tí yíyẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn ti ń mú kí gbogbo nǹkan falẹ̀ fún ọ̀tá. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti gbá Devil May Cry 5 tó bẹ́ẹ̀ tó sú yín, Bayonetta ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbé tẹ̀ lé e.

Ìdájọ́ àti Bloody Palace

Lẹ́tà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ń gòkè bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìkọlù, ó ń dín kù bí ẹ bá ń tún ọ̀kan ṣoṣo ṣe, ó sì ń já bọ́ bí ọ̀tá bá nà yín. Fífi ọ̀tá ṣe yẹ̀yẹ́ náà ń gbé e sókè. Orin ìjà pẹ̀lú ń bá a rìn, ó sì máa ń tú jáde ní kíkún bí ènìyàn bá ti dé S. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ṣeé tàn jẹ. Dante ní fìlà kan tó ń jẹ́ Dr. Faust, tó ń ná owó inú géèmù bí ẹni ná omi, tó sì ń gbé lẹ́tà sókè kíákíá láìsí iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dá ẹnì kan lẹ́jọ́, ẹ wo bóyá ohun tó sọ pé òun fẹ́ ṣe ni ó ṣe, bóyá ọ̀tá kan án, àti bóyá ọwọ́ rẹ̀ dúró níbikíbi láìnídìí. Ẹni tó bá gba A, tí ojú àwọn tó ń wò ó kò sì kúrò lára rẹ̀, ti dárà ju ẹni tó fi fìlà gba SSS lọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí, ẹ̀rọ kò lè sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá ti parí ìtàn géèmù náà, Bloody Palace yóò ṣí sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Capcom fi í kún géèmù ní oṣù kẹrin ọdún 2019: yàrá ìjà 101 ni, ọ̀kan lórí èkejì, aago sì ń ka àkókò lọ sẹ́yìn. Fún ẹgbẹ́, kò sí ìdíje tó dára tó èyí. Ẹni kan ṣoṣo ni ẹ lè fi jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà ẹ jọ yàn án kí ẹ tó wọlé. Ẹ pààrọ̀ páàdì ní yàrá márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì tẹ Options láti dá aago dúró kí ọwọ́ tó yípadà. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti dé 101 ní ìpàdé àkọ́kọ́. Yàrá ogún tí gbogbo yín rántí bí ẹ ṣe la kọjá ti tó.

Ẹni tí ó bá di páàdì mú nígbà tí ẹ kú ni yóò yan láàárín Nero, V àti Dante fún ìgbà tó ń bọ̀, òun náà ni yóò sì lọ fi owó tí ẹ jọ dá ra epo jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ náà.